Ọtí Igun Ilé àti Ọsàn Tútù: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Accra

Bí ẹnìkan bá wí fún yín pé ife ọtí kan ṣoṣo lè kọ́ ènìyàn ní ìtàn orílẹ̀-èdè kan, ẹ ó rò pé ọtí náà ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tí ó mu ún. Èmi pẹ̀lú ìbá rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní yàrá àlejò kan ní Accra, olú ìlú Ghana, ni mo fẹ́ ròyìn fún yín lónìí, pàápàá jùlọ fún ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa lójoojúmọ́ pé kí wọ́n mọ iyì ohun tí í ṣe tiwọn.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ọtí àpòpọ̀ kan tí ó gbajúmọ̀ ní gbogbo ayé: omi ọsàn tí a bu ọtí vodka sí. Nígbà tí mo wà ní òkè òkun tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ní ibi àpèjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹni tí ó gbé e fún mi ní «screwdriver» ni orúkọ rẹ̀, èyíinì ni irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní sukudiráfà. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa orúkọ náà ni pé àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń wa epo rọ̀bì kò rí ṣíbí tí wọn ìbá fi ro ọtí wọn pọ̀, ni wọ́n bá fi irin iṣẹ́ wọn rò ó. Ì báà jẹ́ òtítọ́, ì báà jẹ́ àwàdà, orúkọ náà ti mọ́ ọtí náà lára. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu ní ọjọ́ náà, ó sì jọ mí lójú. Mo padà sí yàrá mi pẹ̀lú èrò pé ọ̀làjú ni mo mu.

Ní Ilé Bàbá Tíṣà

Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì ni ó gbà mí lálejò ní Accra. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Accra ni a bí i sí, ní àdúgbò tí a ń pè ní Accra New Town nísinsìnyí, tí orúkọ rẹ̀ àtijọ́ sì jẹ́ Lagos Town. Orúkọ àtijọ́ náà nìkan tó láti fi hàn pé ẹsẹ̀ àwọn ará wa ti pẹ́ ní ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, baba rẹ̀ di ẹrù, ó sì kó ìdílé rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọmọ náà padà sí ìlú tí a bí i sí, ó fẹ́ ọmọbìnrin Ga kan, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ títí ó fi gba ìsinmi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé, Bàbá Tíṣà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Akọ̀wé, ìwọ tí o ti mu omi òkè òkun, mo ní ohun tí ó bá ọ mu nílé.” Ó gbé ìgò vodka kan kalẹ̀ lórí tábìlì, ìgò tí ó ti ìlú òyìnbó wá. Ó gbé omi ọsàn inú páálí kan tì í. Òun náà gun ọkọ̀ ojú omi kí ó tó dé Accra. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbójú sókè, mo rí obìnrin kan lójú fèrèsé, ní ìta gan-an, tí ó jókòó ti àtẹ ọsàn rẹ̀, tí ó ń fi ọ̀bẹ mímú bó èpo wọn yíká-yíká, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ọsàn sì ń tò lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo rí i. Ìyàwó Bàbá Tíṣà, tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí ó sì ti kọ́ àṣà àwọn obìnrin ilé wa tí wọ́n máa ń pe gbogbo ọkùnrin ilé ọkọ ní ọkọ wọn, jáde láti yàrá ìdáná, ó sì wí pé, “Ọkọ mi Akọ̀wé, ẹ máa bínú o. Ṣé ọsàn ti tán ní Accra ni, tí Bàbá yín fi ń fún yín ní ọsàn inú páálí?”

Ó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan lọ sí ìta láti ra ọsàn. Òun tìkára rẹ̀ lọ sí igun yàrá, ó ṣí aṣọ títa tí ó wà níbẹ̀, ó sì gbé ìgò mìíràn jáde. Bàbá Tíṣà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun ni ó fi ìgò náà pamọ́ nígbà tí ó gbọ́ pé mo ń bọ̀, kí àlejò tí ó ti òkè òkun dé má baà fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Mo béèrè pé, “Kí ni ó wà nínú rẹ̀, Mà?”

Ó dáhùn pé, “Akpeteshie ni. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí orúkọ náà dúró fún ní èdè wa? Ọ̀rọ̀ ìsápamọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí òfin ti tú ọtí yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá yín ṣì ń fi í pamọ́ sí igun.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Tíṣà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ta ni ó kọ́kọ́ lé ọtí náà sí igun, kí sì ni ó dé tí àwa fi ń fi ọwọ́ ara wa dá a padà síbẹ̀?

Ohun Tí Ó Wà Nínú Ìgò Méjèèjì

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí akpeteshie jẹ́. Ẹmu ni ìpilẹ̀ rẹ̀, bí a ti ń fi ìrèké ṣe é pẹ̀lú. Àwọn adẹ́mu wa ní ilẹ̀ Yorùbá a máa fi igbà gun ọ̀pẹ lọ sókè. Àwọn adẹ́mu Ghana ní tiwọn a sábà máa gé ọ̀pẹ lulẹ̀, kí wọ́n tó dá ihò sí i lára, kí wọ́n sì fi iná yá a kí ẹmu lè máa sun. Ọ̀nà yàtọ̀, ẹmu kan náà ni. Kò pẹ́ tí ó bá ti sun tí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ adùn rẹ̀ di ọtí. Bí a bá wá da ẹmu tí ó ti kan sínú àgbá tí a dé pinpin, tí a sì dáná sí i nídìí, ọtí inú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ di ooru, nítorí ní ìwọ̀n 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ọtí ń hó, nígbà tí omi kò ní hó títí yóò fi di 100. Ooru náà yóò gba inú ọ̀pá bàbà tí ó la àgbá omi tútù kọjá, yóò sì tún di omi, yóò máa kán tó, tó, tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń sè é lẹ́ẹ̀kejì kí ó lè le sí i.

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣàjèjì sí yín nínú èyí. Ògógóró ni. Ní ilẹ̀ Benin, sódábì ni wọ́n ń pè é. Láti Accra dé etí òkun wa, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, orúkọ ni ó pín wọn níyà.

Vodka ńkọ́? Àwọn ará Rọ́ṣíà àti àwọn ará Pólàǹdì ni wọ́n ni ín láti ìgbà pípẹ́. Láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí omi ní èdè wọn ni orúkọ náà ti wá. Ọkà oko wọn, tàbí ọ̀dùnkún òyìnbó, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á mú kí ó kan, wọ́n á sè é bí a ti ń sè tiwa, ṣùgbọ́n wọ́n á sè é ní àsètúnsè títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó jẹ́ ọtí gédégédé, láìsí òórùn ọkà tàbí adùn kankan nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a tún fi èédú sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn óò fi omi là á títí yóò fi dúró sí nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí awo mìíràn nínú rẹ̀. Ohun tí ó wà láàárín ìgò méjèèjì orí tábìlì Bàbá Tíṣà kò ju irú ohun ọ̀gbìn, iye ìgbà tí a sè é, àti ìwé aláràbarà tí a lẹ̀ mọ́ ìgò lọ.

Bí Ó Ti Ṣe Di Ohun Ìsápamọ́

Ní ìgbà ìjọba àmúnisìn, jíìnì àti ṣináàpù láti Holland àti Jámánì ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ń kó wá sí etí òkun wa, owó ibodè tí a ń gbà lórí wọn sì jẹ́ apá ńlá nínú owó tí ìjọba fi ń ṣe ìlú, ní Gold Coast àti ní gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 1919, àwọn ìjọba aláwọ̀ funfun ṣe àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye, ní ilẹ̀ Faransé, nínú èyí tí wọ́n ti fi òfin de sísè ọtí líle ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn. Kì í ṣe pé ọtí líle kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọmọ ènìyàn dúdú o. Ọmọ ènìyàn dúdú ni kò gbọdọ̀ sè é.

Nígbà tí owó kòkó wó lulẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930, tí ìjọba sì ti gbé owó ibodè lé jíìnì, agbára mẹ̀kúnnù kò ká ọtí òyìnbó mọ́. Ìgbà náà ni akpeteshie tàn ká ìlú àti oko ní Gold Coast. Àwọn ọlọ́pàá ń tú ilé, wọ́n ń fọ́ àgbá, wọ́n ń kó ọ̀pá bàbà lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, wọ́n sì ń fa àwọn tí ń sè é lọ sí kóòtù. Àwọn aláṣẹ wí pé nítorí ìlera ará ìlú ni. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, n óò sì padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ará ìlú kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n rí i pé jíìnì tí ó san owó ibodè wà lórí àtẹ, tí ọtí ọ̀pẹ sì wà ní igun.

Ghana gba òmìnira ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1957. Ní ọdún 1958 ni ìjọba dá ilé iṣẹ́ ọtí tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó di GIHOC Distilleries ní ìkẹyìn, òfin sì wá gba akpeteshie láyè lẹ́yìn òmìnira, bí ẹni tí ń sè é bá ti gba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 1989 ni a dá ilé iṣẹ́ Kasapreko sílẹ̀ ní Accra. Ilé iṣẹ́ yìí ni ó ń fi egbò àti ewé ṣe ọtí Alomo Bitters, èyí tí ó la ibodè kọjá tí ó sì di ìlú mọ̀ọ́ká láàárín àwa ará Nàìjíríà, àwa tí a ti ń fi ògógóró rẹ egbò láti ìgbà àwọn baba wa.

Òfin ti tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò tí ì kúrò ní títi wá. Ẹ wo àwọn àlàyé ìgbéyàwó wa, àti ti Accra àti ti ilẹ̀ Yorùbá: ṣináàpù ìlú òyìnbó ni a ṣì ń tò kalẹ̀ níwájú àwọn àna. Àní nígbà tí a bá fẹ́ ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wa, àwọn tí wọ́n lo ayé wọn lórí ẹmu, jíìnì aláwọ̀ funfun ni a ń dà sílẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀, kí ni wọn yóò wí?

Bí A Ti Pò Ó

Ọmọ tí a rán níṣẹ́ ti dé. Ewéko tútù ni àwọ̀ èpo ọsàn náà, àlejò láti ìlú òtútù ìbá sì pè wọ́n ní àìpọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù alẹ́ ni ó ń lé àwọ̀ ewé kúrò lára èpo ọsàn ní ìlú òyìnbó. Ilẹ̀ wa kò ní òtútù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni ọsàn wa ṣe lè dùn bí oyin nínú kí èpo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ ìwé aláràbarà ara páálí wọn ọsàn wa yóò ṣì í wọ̀n. Èyí tí ó bá wúwo ní ọwọ́ ju bí ó ti tóbi lọ ni kí ẹ mú, nítorí òun ni omi rẹ̀ pọ̀.

Ìyá fọ ọsàn mẹ́ta pẹ̀lú èpo wọn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ lórí tábìlì títí ó fi rọ̀. Ó là wọ́n sí méjì, ó fún wọn sínú abọ́, ó sì fi asẹ́ sẹ́ hóró kúrò. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí a má fún un ní àfúnjù, nítorí awọ funfun inú ọsàn a máa fi ìkorò ránṣẹ́ sínú omi rẹ̀. Ọsàn mẹ́ta tí ó mọ níwọ̀n yóò mú nǹkan bí mìlílítà 150 wá. Ó fún ààbọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ kan lé e kí adùn náà má baà sú ni. Lẹ́yìn náà ni ó rin ata ilẹ̀ tí kò ju oríkèé àtàǹpàkò kan lọ, ó fi aṣọ funfun mímọ́ fún omi rẹ̀, ó sì bu ṣíbí kékeré kan nínú rẹ̀ sí i.

Nígbà náà ni ó mú ife kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀tì, èyí tí ó gba mìlílítà 50. Ó kó omi dídì sínú ife ńlá títí ó fi dé àárín. Omi mímu tí ó mọ́ ni ó fi ṣe omi dídì náà, nítorí ẹni tí ó bá fún ọsàn ní mímọ́ tí ó sì fi omi ẹlẹ́gbin dì í, asán ni ó ṣe. Ó wọn tọ́ọ̀tì akpeteshie kan lé omi dídì náà lórí, ó sì da omi ọsàn lé e. Ṣíbí ni ó fi rò ó pọ̀, kì í ṣe sukudiráfà. Ó gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó pẹlẹbẹ kan, ó fi há etí ife, ó sì gbé e fún mi.

Bàbá Tíṣà ti ṣí rédíò. Orin E. T. Mensah ni wọ́n ń lù, ọ̀gá onífèrè Accra tí ó kọ́ wa ní highlife ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bàbá Tíṣà wí pé, “Akọ̀wé, ǹjẹ́ o mọ̀ pé iṣẹ́ apòògùn ni ọkùnrin yẹn kọ́? Bí ó ti ń wọn oògùn ni ó ń wọn orin.” Ìyàwó rẹ̀ dáhùn kíá pé, “Bí èmi náà ti ń wọn ọtí nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń da ọtí láti ẹnu ìgò, kò mọ ohun tí ó ń mu.”

Mo tọ́ ọ wò. Kò jọ èyí tí mo mu ní òkè òkun. Vodka kò ní òórùn. Ọsàn nìkan ni ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú èyí, òórùn ọ̀pẹ dìde díẹ̀, ata ilẹ̀ dá a lóhùn, ọsàn sì pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ní vodka nílé, ẹ kò ní láti dà á nù. Ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ lò, ọsàn àti ata ilẹ̀ yóò sì ṣe iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọsàn tí ẹ fún fúnra yín ni kí ẹ lò, kí ẹ sì mu ún kété tí ẹ bá fún un tán, nítorí bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, ìkorò yóò wọ̀ ọ́, adùn rẹ̀ yóò sì dínkù.

Ìfẹ́ Ohun Tiwa Kò Gbọdọ̀ Fọ́ Wa Lójú

Mo ti wí pé n óò padà sórí ọ̀rọ̀ ìlera. Kí ìyá yìí tó ṣí ìgò rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ìdérí rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti tú u rí, ó sì ka nọ́ńbà àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Ghana tí a tẹ̀ mọ́ ọn lára sí mi létí. Kí ni ó fà á tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣókùnkùn, wọn kò sì pẹ́ kí wọ́n tó kú. Àwọn kan wí pé òrìṣà ni ó ń bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò, methanol ni wọ́n rí. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, irú ikú kan náà bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers láàárín àwọn tí wọ́n mu ògógóró. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó bá a lọ, ìjọba sì fi òfin de ògógóró fún ìgbà kan.

Methanol jẹ́ ìbátan burúkú fún ọtí tí a ń mu. Ó funfun bí i, ó ń rùn bí i, ó sì ń pani bí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ń lò ó fún ọ̀dà àti fún ohun tí a fi ń fọ nǹkan, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, nítorí náà ni àwọn ọ̀dájú kan ṣe ń bù ú mọ́ ọtí kí ó lè pọ̀. Nígbà tí ó bá dé inú ara, ó ń di májèlé tí ń fọ́ ojú tí ó sì ń pa ènìyàn. Ahọ́n kò lè dá a mọ̀, imú kò lè dá a mọ̀, bí a sì dáná sí i, iná kò ní sọ fún wa. Nítorí náà, ẹ má ṣe ra ọtí inú ìgò tí kò ní orúkọ, kí ẹ má sì ṣe dán an wò láti sè é nílé. Ní Ghana, ẹ wo nọ́ńbà FDA. Ní Nàìjíríà, ẹ wo ti NAFDAC. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lẹ́yìn tí ó mu ọtí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Èyí ni ibi tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n fẹ́ràn ilẹ̀ wa ti ń yà lọ́tọ̀. Wọ́n rò pé bí ohun kan bá ti jẹ́ tiwa, ó tó. Kò tó. Ohun tí a fi sí igun, kò sí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú òkùnkùn ni ọ̀dájú ti ń rí àyè bu májèlé mọ́ ọtí. Bí a bá gbé e jáde sórí tábìlì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sè é àti ìwọ̀n agbára rẹ̀ lára ìgò, nígbà náà ni a tó bọlá fún un, nígbà náà sì ni a tó dáàbò bo ẹni tí yóò mu ún.

Ìwọ̀n ni Ọ̀rẹ́ Ọtí

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá mi ṣe èyí. Tọ́ọ̀tì kan jẹ́ mìlílítà 50. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ọtí gidi tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ mìlílítà 20. Bíà tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, mìlílítà 400 rẹ̀ ni yóò ní iye ọtí kan náà. Èyíinì ni pé ife ọsàn adùn-má-dékẹ́ yìí tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgò bíà ńlá. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn yóò sì lo nǹkan bí wákàtí méjì kí ó tó palẹ̀ ife kan náà mọ́. Ọsàn a máa bo agbára ọtí mọ́lẹ̀, òun náà sì ni ewu rẹ̀: ẹnu yóò wí pé omi ọsàn ni, ẹsẹ̀ ni yóò sọ òtítọ́ nígbà tí a bá dìde. Akpeteshie mìíràn sì wà tí agbára rẹ̀ ju ìdá 40 lọ. Ẹ ka ara ìgò, bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ dín in kù.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ife kan fún àlejò, bóyá méjì bí alẹ́ bá gùn tí oúnjẹ sì wà, ó tó. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ mu ún rárá, bẹ́ẹ̀ ni aboyún, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń lo oògùn tí dókítà ti kìlọ̀ fún. Òfin Ghana kò fàyè gba ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ẹ̀sìn yín kò gbà kí ọtí kan ẹnu yín. Ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ìyá yìí pàápàá kò gbàgbé. Ìmọ́lẹ̀dé ilé wọn, Mùsùlùmí òdodo, wọlé bá wa ní alẹ́ náà. Ife tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa ní ojú: ọsàn, ọsàn wẹ́wẹ́, ata ilẹ̀ àti omi dídì, ṣùgbọ́n dípò ọtí, omi ìṣápá tútù tí wọ́n ń pè ní sobolo ní Ghana ni ó dà sí i, títí ó fi pọ́n bí oòrùn àṣálẹ́. Òun ni àwọn ọmọ pẹ̀lú mu. Kí n má purọ́ fún yín, mo tọ́ ọ wò, kò sì sí ohun tí ife tèmi fi dùn jù ú lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àlejò mìíràn yà kí Bàbá Tíṣà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Bàbá Tíṣà kò dé ibi ìgò vodka. Ó ké sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ó lọ ra ọsàn mẹ́fà wá fún ìrọ̀lẹ́, ó sì gbé ìgò akpeteshie rẹ̀ sí àárín tábìlì, níbi tí gbogbo ojú lè rí i.

Àwọn baba wa wí pé ohun tí a ní là á náání. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ 78 àti 100 yẹn yẹ ní kíkọ́ nínú kíláàsì yín, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni àwọn baba wa ń lò ní ẹ̀bu, tí ìjọba àmúnisìn pè ní ìwà ọ̀daràn. Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn, ẹ sọ ọ̀rọ̀ 1919 fún wọn. Gbogbo wa tí a ní ilé, tí a sì ń gba àlejò, ẹ jẹ́ kí a wẹ ọwọ́ wa, kí a mú ọsàn ojú pópó wa, kí a wo ìdérí ìgò wa dáadáa, kí a sì wọ̀n ọ́n. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.